Ẹ̀yìn Aṣọ Ìyáálé

Ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó tì mí kó máa retí ìpàdé olóyin. Aránṣọ ilé eré ni obìnrin náà. Òun ló ń rán, tó ń lẹ̀, tó sì ń lọ gbogbo aṣọ tí àwọn òṣèré ń wọ̀ jáde síwájú èrò, ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyí nídìí iṣẹ́ ọ̀hún. Ọkùnrin náà, gíláàsì ojú ló ń ṣe, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lójú pópó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Aránṣọ wọlé tọ̀ ọ́ lọ, ó ní òun kò rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́.

Onígíláàsì ní kó jókòó. Ó tọ́ka sí pátákó lẹ́tà tó wà lára ògiri.

"Ẹ bá mi ka ìlà kẹta, mà."

"Lẹ́tà kọ́ ni mo ń rán."

"Mà?"

"Mo ní lẹ́tà kọ́ ni mo ń rán, ọ̀gá. Aṣọ ni. Bí mo bá ka gbogbo ohun tó wà lára ògiri yín tán, tí mo délé tí mi ò rí ihò abẹ́rẹ́, kí ni mo wá ṣe níbí?"

Ọkùnrin náà wò ó títí. Láti ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó bá a jà rí nítorí lẹ́tà. Ó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló já lù ú lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ yín?" Aránṣọ fa abẹ́rẹ́ méjì yọ lára ọrùn aṣọ rẹ̀, ó mú òwú dúdú jáde nínú àpò, wọ́n sì fi wákàtí kan gbáko dán gíláàsì wò níṣojú abẹ́rẹ́, títí òwú fi wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìfi itọ́ kàn án.

"Ojú olójú kò jọ ojú ẹni," ni Onígíláàsì wí, "ṣùgbọ́n èyí fẹ́ jọ ọ́ díẹ̀."

"Ó jọ ọ́," ni Aránṣọ dáhùn. Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà yọ sí ilé eré, ó ní òun wá wò ó bóyá gíláàsì náà ṣì bá a mu. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún dé, ó ní òun tún wá wò ó ni. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Ìyá Àtíkè dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Àtíkè ni màmá tó ń kun ojú fún àwọn òṣèré, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ọjọ́ ìsinmi.

"Onígíláàsì," ló pè é, "ojú Aránṣọ ni o ń wò ni, àbí Aránṣọ fúnra rẹ̀?"

Ọkùnrin náà ní, "Méjèèjì ni, mà." Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àtíkè ti gba ọ̀rọ̀ wọn kanrí. Ó sọ ara rẹ̀ di alárinà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó wọ Aránṣọ lọ́kàn kò pọ̀. Ọkùnrin yìí kì í fọwọ́ kan aṣọ láìbéèrè. Kò sì sọ ọ́ rí, bí àwọn méjì tó wá ṣáájú rẹ̀ ti sọ ọ́, pé, "Aṣọ eré lásán ni o ń fi gbogbo ara rán báyìí?" Á kàn jókòó sórí àpótí bọ́tìnnì, á máa na píìnì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ta ló ni èyí?" Aránṣọ á ní, "Ti ọba ni. Ọba ti sanra láti oṣù tó kọjá, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé.

Lóṣù keje, ó na píìnì kan sí i, kò fi í sílẹ̀.

"Mo fẹ́ kí o wá kí ìyá mi."

Inú Aránṣọ dùn, àyà rẹ̀ sì já lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí pé gbogbo àdúgbò ló mọ ìyá náà. Màmá Tísà ni wọ́n ń pè é. Ó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé gíga ní ìwé eré kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ìbéèrè kan ṣoṣo náà ló sì ń bi ọmọbìnrin yòówù tí ọmọ náà bá mú wálé.

Eré yìí, ilé eré tiwọn náà ń ṣe é lọ́dọọdún. Nínú rẹ̀, aya ẹ̀gbọ́n àti aya àbúrò jọ ń gbé agbolé kan. Wọ́n gbé àlejò kan pamọ́ sínú àká, ọba sì ń wá àlejò náà láti pa. Nígbà tí ọba àti ìránṣẹ́ rẹ̀ dé, aya àbúrò, tí wọ́n ń pè ní Kékeré, dúró láàárín agbolé, ó la ọ̀rọ̀ mọ́ ọba lórí, ó pè é ní òṣìkà lójú gbogbo ìlú. Aya ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n ń pè ní Ìyáálé, kúnlẹ̀, ó ń sunkún pé òun kò mọ nǹkan kan. Wọ́n lé Kékeré kúrò nílùú, wọn kò rí àlejò, eré parí. Bí ìdánwò bá sì dé, ohun kan náà ni wọ́n máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣe: ẹ fi obìnrin méjèèjì wéra.

"Èwo nínú wọn ni ìwọ?" Ohun tí Màmá Tísà ń béèrè nìyẹn.

Ìyá Àtíkè ló kó ìtàn àwọn tó ti fìdí rẹmi fún Aránṣọ. "Ẹni àkọ́kọ́ ní Kékeré ni òun. Màmá ní, 'Ẹni tí kò bẹ̀rù ọba, kí ni yóò fi èmi pè?' Ó tán. Ẹnì kejì gbọ́, ó sáré ní Ìyáálé ni òun. Màmá ní, 'Ojo! Ọjọ́ tí ogun bá ká ọmọ mi mọ́lé, ẹkún ni yóò máa sun.' Ẹnì kẹta, ọmọ dókítà, ó ní òun fẹ́ràn àwọn méjèèjì. Màmá ní, 'Ẹni tí kò ní èrò.' Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà."

"Kí wá ni ìdáhùn rẹ̀?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣebí mo ti tà á fún wọn."

Aránṣọ sọ fún bàbá rẹ̀, dírẹ́bà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Bàbá ń fi rágì nu bàtà rẹ̀ nígbà tó ń gbọ́ ọ. Ó ní, "Lọ kí i. Àgbà ni, kúnlẹ̀ fún un. Tí o bá sì ti kúnlẹ̀ tán, rántí dìde."

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n lọ. Pálọ̀ Màmá Tísà mọ́ tónítóní, ìwé kún ògiri mẹ́ta, kọ́ọ̀pù kan wà lórí tábìlì tí bírò pupa kún inú rẹ̀ bíi pé ìdánwò ṣì ń bọ̀ lọ́la. Màmá fúnra rẹ̀ tín-ín-rín, ó dúró gbọnrangandan. Aránṣọ kúnlẹ̀, ó kí i. Ó sì dìde.

"O kúnlẹ̀ dáadáa. Jókòó," ni Màmá wí. "Ìyẹn dára. Ọmọ mi ní ilé eré lo ti ń ṣiṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Gbólóhùn kíkún ni kí o máa fi dá mi lóhùn."

Onígíláàsì ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin méjì inú eré yẹn, o mọ̀ wọ́n?"

"Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, mà. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tọ́jú aṣọ wọn."

"Èwo nínú wọn ni ìwọ?"

Ìyá Àtíkè ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ: kó ní òun ní ẹnu Kékeré àti sùúrù Ìyáálé, kó fi ẹ̀rín músẹ́ gbè é. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga iṣẹ́ ọwọ́ mú un. Ó mọ àwọn obìnrin yìí ju bí wọ́n ṣe mọ̀ wọ́n nínú ilé yìí lọ, ojú sì ń tì í láti fi wọ́n ṣeré ọmọdé.

"Lójú tèmi, mà, Ìyáálé kì í ṣe ojo. Ẹ wò ó, ibi tó..."

"Ojú ìwé wo?"

"Mà?"

"Ojú ìwé wo lo ti rí i pé kì í ṣe ojo?"

"Mi ò ka ìwé náà rí, mà. Mo máa ń wò ó ni."

Màmá Tísà rọra fi ẹ̀yìn ti àga. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, kò tilẹ̀ wo Aránṣọ mọ́.

"Ó máa ń wò ó. O gbọ́? Obìnrin tí a fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ìwé yìí, o lọ mú ẹni tó ń wò ó wá fún mi. Aṣọ ló mọ̀. Aṣọ kì í sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àyà Aránṣọ, ó gbóná. Kì í ṣe nítorí ìwé. Nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó gbé kọ́ọ̀pù omi tí wọ́n fún un kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó dìde.

"Ẹ ṣeun fún omi, mà. Ọkọ ni mo wá fẹ́ nílé yìí, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Ẹ kú ìjókòó."

Onígíláàsì sáré bá a lójú títì. Oòrùn mú, ọkùnrin náà ń làágùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má bínú. Jọ̀ọ́. Ká lọ sí kóòtù lọ́jọ́ Ẹtì, ká fọwọ́ síwèé, ká sì máa gbé. Ọmọdé kọ́ ni mí."

"Kí ìyá rẹ sì wà níbo?"

"Kó wà nílé rẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀."

Aránṣọ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi tó ń dùn ún nínú egungun. Ṣùgbọ́n ó mi orí.

"Mi ò ní gba ojú fèrèsé wọlé ọkọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa gbà, kí ìyá rẹ sì ṣí i fúnra rẹ̀. Ìyà wo ló ń jẹ mí tí mo fi máa yọ́ wọlé bí olè?"

"Tí kò bá wá ṣí i ńkọ́?"

Aránṣọ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó ń lọ. Nígbà tó dé ìkóríta, ó bojú wẹ̀yìn, ọkùnrin náà ṣì wà níbi tó fi í sí.

Oṣù méjì kọjá. Aránṣọ kò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Onígíláàsì kò wá sí ilé eré, torí Aránṣọ ti ní kó má wá títí ọ̀rọ̀ yóò fi ní ojútùú. Àwọn méjèèjì ń jìyà. Bí ó bá ń rán aṣọ, ó ń retí pé ẹnì kan á na píìnì sí òun. Á na ọwọ́ sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ lásán ni. Nígbà mìíràn á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, á máa wo Kékeré bó ti ń sọ̀rọ̀ sí ọba, á wá bi ara rẹ̀ pé: ṣé bí èmi náà ṣe fi ẹnu ba tèmi jẹ́ nìyí? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá jẹ́ pé mo kàn dákẹ́, tí mo rẹ́rìn-ín, ṣebí mo ti wà nílé ọkọ báyìí? Inú rẹ̀ á bàjẹ́. Lẹ́yìn náà á rántí "aṣọ kì í sọ̀rọ̀," inú á sì tún bí i, á ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, á tún wá a.

Ọjọ́ Ajé kan, Ìyá Àtíkè wọlé, ojú rẹ̀ ń sá kiri.

"Mo lọ bá a."

"Ta ni?"

"Ìyá ọkọ ẹ. Àbí ta ni mo máa lọ bá? Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ yín ti ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Orí bẹ́ǹṣì ló ń sùn sí, láàárín ojú tí kò ní olójú.'"

"Háà! Ìyá Àtíkè! Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Bí mo bá ní kí n dúró kí ẹ̀yin méjì tó rán mi níṣẹ́, irun orí mi á ti funfun tán."

"Irun orí yín ti funfun tán, mà."

"Ṣé o rí i? Ẹ ti pẹ́ jù." Ó jókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó kàn ń wò mí. Ṣùgbọ́n ó bi mí pé ìgbà wo ni èèyàn lè rí ọ níbi iṣẹ́."

Ọjọ́bọ̀, lọ́wọ́ ọ̀sán, Màmá Tísà dé. Kò wọ ilé eré rí láyé rẹ̀. Ibi táwọn èèyàn ti ń fò sókè sódò, kì í ṣe ibi tí tísà ń lọ. Ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, láàárín okùn àti pákó, ó dé yàrá aṣọ. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Áyọ́ọ̀nù méjì wà lórí tábìlì, aṣọ so kọ́ra lórí irin láti ògiri dé ògiri, orúkọ òṣèré wà lára ìkọ́ kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ kan sórí itan, ó ń lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rí Màmá, ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà."

Màmá Tísà ti kó ohun tó fẹ́ sọ jọ láti ilé. "Mo wá sọ fún ọ pé kí o dá ọmọ mi..." Ojú rẹ̀ bọ́ sí aṣọ náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í ṣeré. Ojú tísà kò lè rí àṣìṣe kó fi í sílẹ̀.

"Aṣọ ta nìyẹn?"

"Ti Ìyáálé ni, mà."

"Ẹ̀yìn lo ń lẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ni, mà."

"Ṣé o rí i?" Màmá tilẹ̀ gbàgbé ohun tó bá wá. "Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyí. Kíkúnlẹ̀ ni obìnrin yẹn kúnlẹ̀ láti ìgbà tí ọba ti dé títí ó fi lọ. Orúnkún ló yẹ kó ya! Ẹni tó bá ka ìwé á mọ̀. O wá ń lẹ ẹ̀yìn fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ ya."

"Orúnkún náà ń ya, mà. Mo máa ń lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń gbó."

"Kò ṣeé ṣe."

"Ó ń ṣẹlẹ̀, mà."

"Ọmọ, bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Má bá mi jiyàn."

Aránṣọ wò ó. Ìgbéraga rẹ̀ àtijọ́ tún jí nínú rẹ̀, ó dìde dúró lẹ́sẹ̀ méjèèjì.

"Àkísà gan-an ni mo ní jù láyé yìí, mà. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó fa àpótí kan yọ lábẹ́ tábìlì. Gbogbo ẹ̀yìn aṣọ tó ti gé kúrò lára aṣọ Ìyáálé láti ọdún mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, torí aránṣọ gidi kì í ju nǹkan nù. Ó tẹ́ mẹ́ta sórí tábìlì.

"Òṣèré mẹ́ta ló ti ṣe Ìyáálé lójú mi. Ẹni yìí ga bí ọ̀pá. Ẹni yìí sanra. Ẹni yìí ni ti ìsinsìnyí, kò ju ẹ̀ka igi lọ. Ẹ fọwọ́ kan án, mà. Ibo ló gbó?"

Màmá fọwọ́ kan àkọ́kọ́. Ó fọwọ́ kan èkejì. Láàárín èjìká méjèèjì ni, lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, aṣọ náà ti fẹ́lẹ́ tán, fọ́nrán òwú ti yọ síta.

"Kí ló ń bá a jà lẹ́yìn?"

"Ilẹ̀kùn àká, mà. Ẹnu ilẹ̀kùn ló kúnlẹ̀ sí. Ó fi ẹ̀yìn tì í pa. Àlejò wà nínú ilé, ìránṣẹ́ ọba wà níta, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà láàárín."

Màmá Tísà mú ọwọ́ kúrò. "Ìyẹn, ọ̀gá tó ń darí eré yín ló fi kún un. Kò sí nínú ìwé. Ohun tó wà nínú ìwé ni: 'Ìyáálé kúnlẹ̀, ó ń sunkún.' Ó parí."

"Ọ̀gá mẹ́ta ni wọ́n ti darí rẹ̀, mà, wọn kò gbọ́ ti ara wọn. Ṣùgbọ́n mi ò ka ìwé. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n lórí. Kí ni ìránṣẹ́ ọba sọ lẹ́yìn tó kúnlẹ̀?"

Màmá kò lè ṣe kó má dáhùn. Ó gbé ọrùn sókè, ohùn kíláàsì jáde lẹ́nu rẹ̀, ó mọ́, ó dún: "'Obìnrin, kúrò níbẹ̀.' Ìyáálé ní, 'Mi ò mọ nǹkan kan.' Ìránṣẹ́ ní, 'Mo ní kí o kúrò níbẹ̀.' Ìyáálé ní, 'Ẹ ṣàánú mi, mi ò mọ nǹkan kan.' Ìránṣẹ́ ní..."

Ó dákẹ́.

"Ẹ máa bá a lọ, mà."

"'Ṣé òkúta ni ọ́ ni, tí o kò fi kúrò níbẹ̀?'"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lé e," ni Aránṣọ wí. "Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, mà, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lé e."

Lókè, níbi ìtàgé, ẹnì kan ń kan ìṣó. Ètè Màmá Tísà ń ka ọ̀rọ̀ náà lábẹ́lẹ̀, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó kà á débi òkúta, ó tún padà.

"Kékeré ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Aránṣọ mú aṣọ Kékeré sọ̀ kalẹ̀ lórí irin, ó yí i padà. "Abíyá ni tirẹ̀ ń gbó, mà. Òógùn ni. Ẹ gbọ́ bí ẹnu rẹ̀ ṣe le tó níwájú ọba, gbogbo ara ló ń fi gbọ̀n. Wọ́n ní ẹ̀rù kì í bà á. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń sọ̀rọ̀ kí ojú gbogbo wọn lè kúrò lára àká. Bí Kékeré bá dákẹ́, wọ́n á wo ilẹ̀kùn. Bí Ìyáálé bá dìde, wọ́n á ṣí i. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n wéra níwèé, mà. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe lójú tèmi."

Màmá Tísà wá ibi jókòó, àpótí bọ́tìnnì ló rí. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọlá rẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ló wí. "Ojo ni mo ní kí wọ́n máa pè é. Ẹni tí kò bá pè é ní ojo, mo máa ń fa ìlà pupa sí i lábẹ́." Omi lé sí i lójú, kò jẹ́ kó bọ́. "Mo kọ́ wọn ní irọ́."

Aránṣọ lè fi ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Ó ti ń retí ọjọ́ tí òun náà máa sọ̀rọ̀ fún obìnrin yìí. Ó wá rí i pé kò dùn ún ṣe mọ́.

"Ẹ kò purọ́ fún wọn, mà. Ẹ dúró síwájú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá dúró síwájú, ẹkún ló máa rí. Èmi, ẹ̀yìn ni wọ́n gbà mí sí."

Màmá fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ nu ojú. Ó wo aṣọ, ó wo àkísà, ó wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn tísà ti padà, ṣùgbọ́n kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀.

"O kò tíì dáhùn ìbéèrè mi láti ọjọ́ yẹn. Èwo nínú wọn ni ìwọ? Gbólóhùn kíkún."

"Kò sí èyí tí mo jẹ́ nínú wọn, mà. Èmi ni mo ń rán aṣọ fún àwọn méjèèjì."

Màmá Tísà fi ojú kò ó lójú. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, Aránṣọ sì rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó dìde, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó gbé e kọ́ orí irin láàárín aṣọ ọba àti ti ìránṣẹ́ rẹ̀, ó na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Wọ̀n mí."

"Mà?"

"Mo ní kí o wọ̀n mí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ṣé aṣọ tí ẹlòmíràn rán ni o fẹ́ kí n wọ̀ lọ́jọ́ tó bá ń gbé ìyàwó?"

Ayọ̀ gba gbogbo ara Aránṣọ kan, ó gun orí, ó sọ̀ sẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ fò mọ́ ọn. Ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, kó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù tóóró yẹn láìwọ bàtà. Ṣùgbọ́n ó wo aago tó wà lókè ẹ̀rọ, ó mú aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ náà, ó tún un tẹ́ sórí itan.

"Ẹ jókòó dè mí ná, mà," ló wí. "Aago mẹ́rin ni Ìyáálé máa wọ aṣọ yìí, mi ò sì tíì lẹ̀ ẹ́ tán."

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti ní kí Màmá Tísà jókòó de òun. Ó sọ apá rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó.